Pánkéèkì tí mò ń dín nílé máa ń le: ṣé kí n jáwọ́ ni?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń dín pánkéèkì fún àwọn ọmọ mi méjì ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mi ò sì tíì rí i ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dúdú kí inú rẹ̀ tó jinná. Tó bá sì tutù tán, á le bí awọ bàtà. Ọkọ mi ní kí n yéé da ara mi láàmú, kí n máa ra èyí tí wọ́n ti pò sínú páálí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kò sí ohun tó wà nínú pánkéèkì ju fúláwà, ẹyin àti mílíìkì lọ, pé ariwo tí àwọn ènìyàn ń pa lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an tí ọkàn àwọn kan fi ń balẹ̀ tí wọ́n bá ti gbóòórùn rẹ̀? Àbí kí n kàn jáwọ́?"

* * *

Ẹ má jáwọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn tó dúdú, inú tí kò jinná, líle bí awọ, nǹkan méjì péré ló ń fà á: iná yín pọ̀ jù, ẹ sì ń po fúláwà yín jù. Kò sí èyí tó máa ná yín lówó nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n yín sọ òótọ́ dé ibì kan. Fúláwà, ẹyin àti mílíìkì náà ni. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta yẹn kan náà ló ń di èyí tó nípọn tó sì rọ̀ bíi tìmùtìmù, àwọn náà ló ń di èyí tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, àwọn náà ló sì ń di ohun tí ẹnu ń kọ̀. Ọwọ́ ló yàtọ̀.

Ìwọ̀n tí mò ń lò fún èyí tó nípọn nìyí, kí ẹ fi wé tiyín: fúláwà gíráàmù 200, béèkìn páódà ṣíbí ìmutíì 2, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 1, iyọ̀ díẹ̀, ẹyin 1, mílíìkì mìlílítà 250 sí 300, bọ́tà yíyọ́ gíráàmù 30. Ó yẹ kí àpòpọ̀ náà máa ṣàn láti orí ṣíbí, ṣùgbọ́n kó má ṣàn bí omi. Bí ó bá já bọ́ bí ẹrẹ̀, ẹ fi mílíìkì kún un.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìpò ló kàn, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti takò mí.

Inú fúláwà àlìkámà ni àwọn purotéènì kan wà tó jẹ́ pé bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn bí okùn. Gluten ni orúkọ okùn yìí. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ń wá a lójú méjèèjì, òun ló fi ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ títí apá á fi máa ro ó. Ẹni tó ń ṣe pánkéèkì kò fẹ́ ẹ rárá. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le. Nínú abọ́ yìí, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe ń rò ó tó ni yóò ṣe le tó.

Torí náà, ẹ pa gbogbo ohun gbígbẹ pọ̀ sínú abọ́ kan. Ẹ pa ẹyin, mílíìkì àti bọ́tà pọ̀ sínú òmíràn. Ẹ da olómi sórí gbígbẹ, kí ẹ fi ṣíbí rò ó bí ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀. Kókó á kù níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wá ṣíbí, ẹ lọ tẹ́ tábìlì, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá fúláwà á ti mu omi, púpọ̀ nínú kókó yẹn á sì ti yọ́. Èyí tó kù, iná á bá yín yanjú rẹ̀.

Ẹnì kan nínú àwọn tó ń ka èsì mi yìí ti fèsì pé irọ́ ni, pé ìyá òun máa ń sẹ́ àpòpọ̀ pánkéèkì rẹ̀, kókó kan kì í sì í sí níbẹ̀. Mo gba ìyá yín gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé pánkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni màmá ń ṣe, èyí tí wọ́n ń ká tàbí tí wọ́n ń ṣẹ́ po. Ìyẹn kò ní béèkìn páódà nínú. Fúláwà gíráàmù 250, ẹyin 3, mílíìkì mìlílítà 500, iyọ̀ díẹ̀, bọ́tà yíyọ́ díẹ̀. Ìyẹn, ẹ lè pò ó dáadáa, ẹ lè sẹ́ ẹ, torí pé ẹ máa gbé e kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí okùn inú rẹ̀ lè dẹ̀. Ẹlòmíràn ń gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, ó sì máa ń dára. Èyí tó nípọn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ nínú ìjà tí àwọn ènìyàn ń jà lórí kókó, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè.

* * *

Iná wàyí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi iná tó pọ̀ dín pánkéèkì torí pé ebi ń pa àwọn ọmọ, wọ́n sì ti ń fi ṣíbí lu tábìlì. Ẹ̀yìn á dúdú kí ooru tó dé àárín. Ẹ gbé páànù kaná níwọ̀nba, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún kó gbóná dé etí. Ẹ wá ti ìka bọ omi, kí ẹ ta á sí i lójú. Bí ẹ̀kán omi náà bá jókòó sójú kan tó ń hó jẹ́jẹ́, kò tíì tó. Bí ó bá pariwo tó ń ta káàkiri, ó ti tó. Bí òróró bá ti ń rú èéfín, ó ti kọjá ààlà, ẹ gbé páànù kúrò kí ẹ dúró. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná, nǹkan bíi 180 sí 190 lórí ìwọ̀n Celsius ni kó máa wá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rò pé idán ni omi tó ń jó lórí irin gbígbóná. Johann Gottlob Leidenfrost, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1756: bí irin bá ti gbóná gan-an, ìsàlẹ̀ ẹ̀kán omi á di èéfín omi lójú ẹsẹ̀, èéfín yẹn á sì gbé ìyókù omi náà sókè, kò ní jẹ́ kó kan irin mọ́. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà òun ló ń ta omi sí páànù nílé wa, kò gbà kí ẹlòmíràn ṣe é.

Nípa òróró, ẹ kàn fi òróró díẹ̀ ra páànù, kí ẹ fi bébà nù ún títí yóò fi dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Òróró tó bá pọ̀ ló ń jẹ́ kí ojú pánkéèkì ṣe tótòtó, ibì kan dúdú, ibì kan funfun. Bọ́tà dùn jù ú lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ó tètè ń jó torí mílíìkì tó wà nínú rẹ̀. Inú àpòpọ̀ ni mo máa ń da bọ́tà sí, mo máa ń fi òróró ra páànù.

Ẹ wá bu àpòpọ̀ sí i lójú kan, ẹ má fọ́n ọn kiri. Ẹ wo ojú rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ohun tí ẹ máa rí, á kàn máa dán bí omi inú àwo. Ihò kan á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, á tún padé. Òmíràn á là láàárín, á tún padé. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí ihò bá là tí kò padé mọ́, tí etí rẹ̀ ti gbẹ tí kò dán mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ ti ṣíbí pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á wú sókè lójú yín bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ti ń dúró dè láti ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde yẹn. Apá kejì kì í gba tó ìdajì àkókò tí àkọ́kọ́ gbà, kì í sì í lẹ́wà tó o. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ má bínú sí i.

* * *

Wọ́n béèrè bóyá béèkìn páódà àti béèkìn sódà jẹ́ nǹkan kan náà. Rárá o. Lẹ́yìn iná àti ìpò, kò sí ohun tó ń ba pánkéèkì jẹ́ tó èyí.

Sódà nìkan kò lè ṣe é bó ṣe yẹ tí kò bá rí ohun kíkan pàdé: yọ́gọ́ọ̀tì, mílíìkì tó kan, omi lẹ́mọ́ọ̀nù, fínígà. Bí méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á jáde, òun ló ń gbé pánkéèkì sókè. Páódà ní tirẹ̀ ti gbé ohun kíkan tirẹ̀ dání. Sódà náà ni, wọ́n pò ó mọ́ èròjà kíkan tó gbẹ, wọ́n sì fi sítáàṣì sí i kó má bàa tètè rin. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lónìí ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí omi bá kàn án, àti nígbà tí iná bá kàn án. Ẹni tó bá fi sódà rọ́pò páódà ní ìwọ̀n kan náà, ọṣẹ ni yóò máa tọ́ wò lẹ́nu.

Bí ẹ bá fẹ́ lo sódà, ẹ da omi lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí fínígà ṣíbí ìjẹun 1 sínú mílíìkì mìlílítà 240, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dì díẹ̀. Ìdajì ṣíbí ìmutíì sódà ti tó fún un. Kíkan yẹn máa ń ṣe nǹkan fún ẹnu tí páódà kò lè ṣe, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Bí páódà yín bá ti pẹ́ nílé, ẹ bu ṣíbí ìmutíì kan sínú omi gbígbóná. Bí kò bá hó, ó ti kú, ẹ dà á nù.

Ìtàn páódà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ pánkéèkì. Ọkùnrin kan wà ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Bird, apoògùn ni. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ kò lè jẹ ohun tó ní yíìsì, kò sì lè jẹ ẹyin. Ní ọdún 1837, Bird ṣe kọ́sítáàdì tí kò lẹ́yin nínú fún un. Ní ọdún 1843, ó ṣe béèkìn páódà kí obìnrin náà lè rí búrẹ́dì tí kò ní yíìsì jẹ. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin náà níbi tó ti ń po èròjà nínú ṣọ́ọ̀bù òògùn, tó ń gbìyànjú, tó ń dà á nù, torí kí ẹnì kan nílé lè rí nǹkan jẹ bíi ti àwọn tó kù.

* * *

Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti sọ báyìí pé ẹni tó bá lo èyí tó wà nínú páálí kò tíì ṣe pánkéèkì, pé kò sí ìfẹ́ nínú ẹ̀. Ọkọ arábìnrin wa yìí gan-an ti fẹ́ di ọ̀daràn lójú wọn. Mi ò gbà.

Láti ọdún 1889 ni irú fúláwà pípò bẹ́ẹ̀ ti wà, ìlú St. Joseph ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú rẹ̀? Fúláwà, páódà tàbí sódà, iyọ̀, ṣúgà, nígbà mìíràn ẹ̀lọ̀ mílíìkì. Ohun tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín pò náà nìyẹn. Ẹ lè ṣe tiyín sílẹ̀: kílò fúláwà 1, páódà ṣíbí ìmutíì 10, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 5, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì 2, ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, ẹ kó o sínú ìgò tó ní ìdérí tó le, á wà fún oṣù méjì dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ wọn nǹkan bíi gíráàmù 220 nínú rẹ̀, kí ẹ fi ẹyin 1, mílíìkì àti bọ́tà sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo sin àbúrò mi, mi ò lè jẹun. Oúnjẹ tí àwọn ènìyàn gbé wá wà káàkiri ilé. Obìnrin kan tí ilé wa kángun síra wọn wọlé wá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó mú páálí pánkéèkì kan dání, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó lọ sínú ilé ìdáná. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń wá páànù. Mo gbọ́ nígbà tí èyí àkọ́kọ́ kan iná. Ó gbé ẹyọ kan wá fún mi nínú àwo tíì, ó tún padà lọ síbi iná. Nígbà tó gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá ni mo tó mọ̀ pé mo ti jẹ méjì. Ẹ má sọ fún mi pé kò sí ìfẹ́ nínú páálí.

* * *

Èwo ni ojúlówó pánkéèkì? Àríyànjiyàn yìí kì í tán. Àwọn kan ní èyí tó nípọn tí wọ́n tò léra wọn, tí bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní èyí tó fẹ́lẹ́, pé ìyókù, kéèkì ni.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti ń dín irú rẹ̀ nínú òróró ólífì ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, orúkọ páànù tí wọ́n fi ń dín in ni wọ́n sì fi ń pè é. Mo rò pé ìyẹn parí ìjà. Ohun tí ẹ bá pò tó ń ṣàn, tí ẹ dà sójú irin gbígbóná tó sì dì, pánkéèkì ni lójú tèmi. Fáransé ní crêpe, àwọn ará Brittany lápá ìwọ̀ oòrùn Fáransé sì ń fi ìyẹ̀fun buckwheat ṣe galette tiwọn, èyí tó dúdú díẹ̀, tí wọ́n ń fi wàràkàṣì àti ẹyin sí. Buckwheat kì í ṣe àlìkámà rárá, kò ní gluten. Rọ́ṣíà ní blini tí wọ́n ń fi yíìsì wú. Íńdíà ní dosa tí wọ́n ń fi ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ti kan ṣe. Ní Japan, wọ́n ń lu funfun ẹyin lọ́tọ̀ títí á fi dúró gangan, wọ́n á fi iná kékeré dín in lábẹ́ ìdérí, á sì ga bí orí ilé. Ìyẹn dára lójú, ṣùgbọ́n mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì máa ń wálẹ̀ kí n tó gbé e dé tábìlì. Kò sí ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú oúnjẹ tó ń lé ènìyàn ní eré.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni baghrir àwọn ará Mòrókò. Ìyẹ̀fun àlìkámà líle tí wọ́n ń pè ní semolina ni, pẹ̀lú yíìsì. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń dín, wọn kì í yí i rárá. Ẹ kàn máa wò ó ni. Ojú rẹ̀ á là ní ihò ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí i tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti etí wá sí àárín, títí ibi tó rin yóò fi tán. Inú ihò wọ̀nyẹn ni oyin àti bọ́tà ń wọ̀ lọ. Ìnjẹ́rà àwọn ará Ethiopia náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tẹ́fù ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, apá kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń sè.

Ẹni tí pánkéèkì rẹ̀ fọ́ nígbà tó ń yí i, kó tún fọ́ ọ sí i. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ní Austria, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi fọ́ọ̀kì méjì fà á ya wẹ́wẹ́ nínú páànù, wọ́n á wọ́n ṣúgà lúbúlúbú sí i lórí. Kaiserschmarrn ni wọ́n ń pè é, ọba ńlá sì ni "Kaiser" inú orúkọ náà.

* * *

Ní kúkúrú, sí àwọn tó béèrè nǹkan mìíràn:

Ọmọ tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin: ẹ tẹ ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n dáadáa, ẹ fi rọ́pò ẹyin kan, kí ẹ fi páódà díẹ̀ kún un. Ẹ dín iná kù, torí ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tètè dúdú.

Omi dípò mílíìkì: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n á funfun, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ta sánsán. Ṣúgà àti purotéènì inú mílíìkì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú pánkéèkì pọ́n lórí iná. Louis-Camille Maillard, ará Fáransé, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé irú pípọ́n bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é.

Oyin tàbí omi igi mépù: èyíkéyìí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé nǹkan bíi lítà 40 omi igi ni wọ́n ń sè kí lítà 1 omi dídùn yẹn tó jáde. Ẹ má dà á nù sínú àwo.

* * *

Ẹnì kan kọ ohun kan tí mi ò lè fò dá. Ó ní: "Èmi nìkan ni mò ń gbé. Ta ni mo fẹ́ máa dín pánkéèkì fún?"

Fún ara yín. Mo dá gbé fún ọdún mẹ́rin, mo sì mọ bí ilé ṣe máa ń rí ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí kò sí ẹni tó máa pe orúkọ ènìyàn. Ẹ ṣe ìdajì ìwọ̀n tí mo kọ sókè. Tàbí kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, kí ẹ jẹ mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù tutù pátápátá, kí ẹ fi bébà sáàárín wọn, kí ẹ kó wọn sínú fìríìsà. Á wà fún oṣù kan sí méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ló ń gbé e dìde jù, kò ní jẹ́ kó le bíi máíkírówéèfù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ti àkọ́kọ́ lórí ìdúró, nídìí iná. Ẹ má gbé e lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn èyí tí arábìnrin wa bèèrè gan-an, ìdí tí ọkàn àwọn kan fi ń balẹ̀ tí wọ́n bá ti gbóòórùn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ti dáhùn pé ṣúgà àti bọ́tà ni. Àwọn mìíràn ní ìgbà èwe ni. Èmi rò pé nítorí pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. A kì í se pánkéèkì sínú ìkòkò kí a lọ jókòó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró, kó máa wo ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta, lórí ẹyọ kan, tí kò sì ní lè ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá sì wá dúró tì í, ó ti rí ẹni náà mú.

Bàbá mi ló máa ń dín in nílé wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí àkọ́kọ́ kì í dára, ti gbogbo ayé náà kì í dára: páànù kò tíì gbóná dọ́gba, òróró kò tíì tẹ́. Àwọn ará Rọ́ṣíà tilẹ̀ ń pa á lówe pé blini àkọ́kọ́ máa ń di kókó. Bàbá mi kì í dà á nù, kì í sì í gbé e sórí tábìlì. Á fà á ya sí méjì lórí iná níbẹ̀, á fún ẹni tó bá dúró tì í ní ìdajì, á jẹ ìdajì. A máa ń du ibẹ̀ bí ẹni du ipò. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún bàbá mi pé mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo ti jí kí ìmọ́lẹ̀ tó là. Mo dúró síbẹ̀. Wọ́n da àkọ́kọ́ sí páànù, mo sọ ọ́ nígbà tí ihò bẹ̀rẹ̀ sí í là. Wọn ò wò mí lójú, wọ́n ń wo páànù. Wọ́n yí i. Wọ́n fà á ya, wọ́n na èyí tó tóbi sí mi, wọ́n ní, "Ìgbà wo ni òmíràn?" Wọ́n tún da ìkejì sílẹ̀. A sọ ọ́ tán kí àwo tó kún.

Torí náà, sí ọkọ yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: wọ́n lè ra páálí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn.

* * *

Arábìnrin wa ti padà wá. Ohun tó kọ nìyí:

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe é lónìí. Mo rò ó ní ìgbà méjìlá, mo kà á. Kókó wà níbẹ̀, ọwọ́ ń yún mi, mo fi í sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ páànù, ó fọ́. Ọmọ mi àgbà ló dúró tì mí, mo bu díẹ̀ fún un nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ Ajé. Ìkejì àti ìkẹta dára gan-an, wọ́n rọ̀. Láti orí ìkẹrin ni ẹ̀yìn wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?"

Kò sí ohun tí ẹ ṣe. Páànù ń gbóná sí i bí ó ṣe ń pẹ́ lórí iná ni. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ẹ dín iná kù díẹ̀, kí ẹ fi bébà nu páànù, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó da òmíràn sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.